Ta ló ń kọ ọjọ́ tí olú hù sílẹ̀ ní Gbájì?

Láyé àtijọ́, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tí ilẹ̀ tutù dénú, tí oòrùn sì tún ràn lé e lórí, kò sẹ́ni tó ń sọ fún àgbàlagbà tó wà lóko pé àkókò olú ti dé. Àwọn ìyá á gbé agbọ̀n, àwọn ọmọdé á tẹ̀ lé wọn, ó di ìdí ọ̀gán. Ẹni tó bá tètè jí ló ń rí i ká, nítorí olú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tó yọ lówùúrọ̀ òní lè ti kún fún ìdin kí ilẹ̀ ọ̀túnla tó mọ́. Ilé tí wọ́n bá sì ti fi olú se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn kì í béèrè ẹran.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà báyìí yàtọ̀. Wọ́n ní olú kò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọdún mìíràn wà tí òjò á rọ̀ tí wọn kò ní rí olú, ọdún mìíràn sì wà tí olú á yọ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Àwọn kan di ẹ̀bi rẹ̀ ru oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko. Àwọn mìíràn ní ayé ló bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kí oníkálukú wọn ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá béèrè pé ọdún wo gan-an ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ọ̀sẹ̀ mélòó ni olú fi pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, irú olú wo ló ti di àwátì, ó ṣòro láti rí ẹni tó lè dáhùn, nítorí wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ wo Gbájì, ìlú tó wà lójú ọ̀nà tó ti Àgbádárìgì lọ sí ẹnubodè Sẹmẹ. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, ohun tó sábà máa ń rántí ni àwọn aṣọ́bodè tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ agbègbè náà ju ọ̀rọ̀ ibodè lọ. Òkun kò jìnnà, ọ̀sà sún mọ́ tòsí, yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀, àwọn Ègùn àti àwọn Àwórì tó wà ní agbègbè Àgbádárìgì sì ti mọ iṣẹ́ ẹja, iṣẹ́ àgbọn àti iṣẹ́ oko láti ìran dé ìran. Igbó tó kù níbẹ̀ kì í ṣe igbó kìjikìji bíi ti Oǹdó. Igbó àbàtà ni, pẹ̀lú igi ògùrọ̀ àti igi ẹ̀gbà létí omi, àti igbó kéékèèké tó yí ojúbọ ká, àti ilẹ̀ oko tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi.

Ohun kan tún wà nípa ibi tí ìlú náà wà, tí kò yẹ kéèyàn gbójú fò. Igbó ńlá tó tẹ̀ lé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti apá kan ilẹ̀ Gáná, gba Tógò dé ilẹ̀ Benin, ó já. Ọ̀dàn ló gba ipò rẹ̀ níbẹ̀ títí dé ẹ̀bá òkun, nítorí òjò ibẹ̀ kò tó ti ibòmíràn. Àlàfo Dahomey ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àgbádárìgì wà lẹ́bàá etí àlàfo yìí níhà ìlà oòrùn. Bí òjò bá sì dín, tàbí tó yí ìgbà padà, bí aṣọ ló rí: etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbó.

Kí olú tó di ohun tí ojú rí, ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́. Èyí tí wọ́n ń ká yẹn dà bí èso lórí igi; igi fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Fọ́nrán funfun tín-ín-rín ni, tó ń rìn káàkiri inú ilẹ̀, inú ewé tó ń jẹrà àti inú igi tó wó. Ẹni tó bá ti tú òkìtì ewé rí lábẹ́ igi, tó rí ohun funfun kan bí òwú tó lẹ̀ mọ́ ara ewé, ara olú ló rí yẹn. Ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu, tó sì ń mú kí iṣu jẹrà nínú abà, inú ẹbí kan náà ló ti wá. Ẹbí ńlá ni. Àwọn onímọ̀ tó wà ní ọgbà Kew nílùú Lọ́ńdọ̀nù sọ ní ọdún 2023 pé ó ṣeé ṣe kí oríṣi wọn láyé tó mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí 155,000 péré ni ọmọ aráyé tíì fún lórúkọ nínú ìwé.

Iṣẹ́ wọn nínú igbó kò kéré. Agbálẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn: igi tó ti kú àti ewé tó ti bọ́ ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń sọ di ọ̀rá ilẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiwọn, igi tó wó láyé Lugard á ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ dòní. Àwọn mìíràn bá gbòǹgbò igi tó wà láàyè dòwò pọ̀. Fọ́nrán wọn á wọnú gbòǹgbò, á tún nà lọ síbi tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ kò lè dé, á lọ fa omi àti èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá fún igi. Igi náà á sì san án padà pẹ̀lú ṣúgà tó fi ewé àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ewéko ayé ló ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ń ṣe é, àgbàdo ń ṣe é, igi àgbọn náà ń ṣe é. Nínú ilẹ̀ yanrìn tí kò lọ́ràá púpọ̀, bíi ti etíkun Àgbádárìgì, irú alábàáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí alágbọn lè fojú di, ì báà má tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ti olú ìdí ọ̀gán tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikán ló ń gbìn ín. Àwọn ikán tó ń mọ ọ̀gán ńlá kì í jẹ gbogbo igi àti koríko tí wọ́n gé bó ṣe wà. Wọ́n ń kó o wọlé, wọ́n ń mọ ọ́n bí afárá oyin, olú á wá hù lé e lórí nínú òkùnkùn, òun ni yóò sọ ọ́ di ohun tí ikán lè fi ṣe oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ ní ó tó ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún tí ikán ti ń dá irú oko yìí ní Áfíríkà, kí èèyàn tó mọ ohun tó ń jẹ́ ọkọ́. Wọ́n ń ṣọ́ ooru àti ọ̀rinrin inú ilé náà kó má ṣe yẹ̀. Ìgbà tí òjò bá wá rọ̀ dáadáa, olú á gba ara ọ̀gán yọrí síta, ọmọ èèyàn á sì rí tirẹ̀ níbẹ̀. Èyí kì í ṣe irú olú tí àgbẹ̀ lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún ọ̀sẹ̀ méjì, bíi ti àwọn tí wọ́n ń tà nínú ike ní ilé ìtajà ńlá. Bí ọ̀gán bá lọ, olú rẹ̀ bá a lọ.

Olú kò ní kàlẹ́ńdà. Ooru àti omi ló ń kà. Àwọn kan máa ń yọ ní àkọ́rọ̀, àwọn mìíràn á dúró di ìgbà tí òjò bá padà dé lẹ́yìn ìsinmi oṣù kẹjọ, ìyẹn àrọ̀kúrò. Ètò yìí gan-an ni àyípadà ojú ọjọ́ ń dà láàmú. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ lágbàáyé, WMO, kéde pé ọdún 2024 ló gbóná jù lọ látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé, pé ó fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.55 Sẹ́síọ́ọ̀sì ju ti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá kò tíì gbòde lọ. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun tí àwọn onímọ̀ ń kìlọ̀ lé lórí ni pé òjò ń wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó bá rọ̀, ọ̀dá sì ń wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Omíyalé ọdún 2022, tó pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ kò ní kí wọ́n ṣe ìpàdé kó tó mọ̀ pé òjò ọjọ́ kan tó gbá ilẹ̀ lọ kò dà bí èyí tó rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òjò kejì yẹn ni ilẹ̀ ń mu. Òun náà ni olú ń mu.

Bí ilẹ̀ igbó bá gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn agbálẹ̀ inú rẹ̀ á dẹwọ́ iṣẹ́, ewé gbígbẹ á máa jọ, iná ẹ̀ẹ̀rùn kan péré á sì rí ohun jẹ. Bó bá gbóná tó sì tún tutù, iṣẹ́ wọn á yá kọjá àlà, kábọ́ọ̀nù tó wà nínú igi á máa tú sínú òfuurufú kíákíá, tí yóò sì fi kún ooru tí wọ́n ń sá fún. Àwọn tó ń bá gbòǹgbò ṣòwò náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 ṣírò rẹ̀ pé kábọ́ọ̀nù tí ewéko gbogbo ayé ń gbé fún wọn lọ́dún kan ju ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú ń tú jáde lọ́dún kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń pẹ́ nínú ilẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹbí olú ni ìyà yóò jẹ. Èbu kan wà tó ń mú àgbàdo àti ẹ̀pà, tó ń tú oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sínú wọn. Ó fẹ́ràn ooru, ó sì fẹ́ràn kí ọ̀dá ti dá irè oko lágara. Àgbàdo tó ní oró yìí pa èèyàn 125 ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà lọ́dún 2004. Ó lè jẹ́ pé èyí tí àwọn àgbà ń retí kò ní wá, kí èyí tí wọn kò pè sì máa pọ̀.

Etíkun yìí ní ọrọ̀ tó yẹ kí wọ́n tètè bojú wò. Ẹgbẹ́ onímọ̀ kan wà tó ń jẹ́ SPUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2021 nítorí àwọn fọ́nrán abẹ́ ilẹ̀ yìí. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ ayé kan jáde nínú ìwé ìwádìí Nature, tó ń fi ibi tí oríṣi wọn ti pọ̀ jù hàn. Nínú gbogbo irú ibi bẹ́ẹ̀, kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lábẹ́ ààbò òfin. Etíkun Gáná wà lára àwọn ibi tí wọ́n dárúkọ, wọ́n sì sọ pé òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ní nǹkan bíi mítà méjì lọ́dọọdún, pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ tán lè bá yanrìn ṣàn lọ sínú omi. Òkun tó ń lu Gáná náà ló ń lu Àgbádárìgì. Ẹni tó bá ti rí bí omi ṣe gba ilẹ̀ ní etíkun Èkó kò nílò àlàyé.

Báwo ni àwọn ará ibòmíràn ṣe mọ̀ dájú pé olú wọn ti yí ìgbà padà? Ẹ̀rọ olówó ńlá kọ́ ló sọ fún wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Gange bẹ̀rẹ̀ sí í kọ olú tó bá rí ní agbègbè Salisbury sílẹ̀ láti ọdún 1950. Irú olú tó rí, ibi tó ti rí i, ọjọ́ tó rí i. Ọdún dé, ọdún lọ, kò dáwọ́ dúró. Ọmọ rẹ̀, Alan Gange, wá di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, òun àti baba rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì jókòó ti àkọsílẹ̀ náà. Ó lé ní 50,000, lórí oríṣi olú 315. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí Science lọ́dún 2007, ohun tó wà níbẹ̀ ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olú lẹ́nu. Ní àwọn ọdún 1950, nǹkan bí ọjọ́ 33 ni àkókò olú fi ń gùn nígbà ìwọ́wé. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 2000, ó ti di nǹkan bí ọjọ́ 75. Àwọn kan tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń yọ tẹ́lẹ̀ tilẹ̀ ti ń yọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Salisbury kọ́ ni yóò ṣẹlẹ̀ ní Gbájì. Lọ́dọ̀ tiwọn, òtútù ló ń dá olú dúró. Ní Gbájì, omi ni. Bí ooru ṣe ń fi kún ọjọ́ tọ̀hún, ó lè máa dín ọjọ́ ti ibí kù. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó, ká ní orí nìkan ni baba yẹn kó gbogbo rẹ̀ sí, tó kàn ń sọ fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́ pé láyé ìgbà tòun olú kì í pẹ́ tó báyìí. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọn á ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ọ̀rọ̀ àgbà náà sì ni wọ́n ń pe ti àwọn ìyá ní agbègbè Àgbádárìgì títí di bí a ṣe ń wí yìí.

Nàìjíríà kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ní 1975, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, B. A. Oso, kọ̀wé lórí olú àti àwọn ọmọ Yorùbá nínú ìwé ìwádìí Mycologia. Ó ṣàkójọ orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n, ó sì sọ èyí tí wọ́n ń jẹ. Ní 1977, ó tún kọ òmíràn lórí ipò tí olú wà nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìṣègùn Yorùbá. Olú ọ̀rán tó máa ń tò kítikìti sílẹ̀, ẹsẹ̀ adìẹ tó máa ń hù sára igi gbígbẹ, wọ́n ti wọ̀wé láti ìgbà náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí wọ́n máa kan sáárá sí i. Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ilé ìkàwé yunifásítì ló sì ń gbé. Àwọn ìyá tó ni ìmọ̀ yẹn gan-an, mélòó nínú wọn ló gbọ́ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà?

Ní òdìkejì ẹnubodè, wọ́n ti gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nourou Soulemane Yorou, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Parakou, àti André De Kesel tó wá láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 lórí ohun tí àwọn Nàgó àárín gbùngbùn ilẹ̀ Benin mọ̀ nípa olú. Yorùbá ni àwọn Nàgó yìí ń sọ. Ní 2002, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Jean Codjia tún gbé odindi ìwé jáde lórí olú jíjẹ ilẹ̀ Benin. Àwọn olùwádìí wọn ṣì ń wọ igbó ìjọba tó wà ní Ouémé Supérieur ní àríwá, níbi tí igi apá wà, tí olú oríṣiríṣi ń bá gbòǹgbò rẹ̀ ṣòwò, wọ́n ń wo ohun tó hù, wọ́n sì ń kọ ìgbà tó hù. Ẹnubodè Benin kò jìnnà sí Gbájì rárá. Ìrẹsì ń gba ibẹ̀ kọjá, mọ́tò ń gba ibẹ̀ kọjá, aṣọ ń gba ibẹ̀ kọjá. Àṣà kíkọ nǹkan sílẹ̀ yìí ni kò tíì rí ọ̀nà gbà.

Ẹnìkan lè sọ pé nígbà tí ẹja wọ́n, tí oúnjẹ gbówó lórí, ta ló rí ti olú rò? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí wọ́n fi ẹni tó bi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹran bá wọ́n gan-an ni olú ń wúlò. Òun ni ẹran ẹni tí kò rówó ra ẹran, owó díẹ̀ tí ìyá kan bá sì rí lórí rẹ̀ lẹ́bàá títì, kò sẹ́ni tó bá a pín in.

Ikú sì wà nínú àìmọ̀ olú. Olú kan wà tó máa ń hù lórí pápá àti lẹ́yìnkùlé lẹ́yìn òjò, funfun, tó tóbi, tó jọ ti ọ̀gán dáadáa. Bó bá gbó, abẹ́ ìdérí rẹ̀ á máa di àwọ̀ ewé. Chlorophyllum molybdites ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó sì wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò bì, yóò sì yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn mìíràn wà tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́, kí ẹni náà tó mọ̀, ó ti bọ́. Ìrísí nìkan kọ́ ni àwọn ìyá àgbà fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Wọ́n ń wo ibi tó ti hù, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì ń wo ìgbà tó hù. Bí ìgbà bá wá dàrú, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n gbára lé ti yẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó dàgbà sí ìgboro, tó wá sílé lọ́jọ́ ìsinmi, kò tilẹ̀ ní èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé èyí tí ìgbín tàbí òkété bá ti jẹ kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan. Irọ́ ni. Ohun tí ìgbín jẹ tó rìn lọ lè gbé odindi agboolé dé ọsibítù.

Kò tún yẹ kí wọ́n di gbogbo ẹrù lé ojú ọjọ́ lórí. Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ nígbà mìíràn, nítorí ẹ̀bi tó bá ti jẹ́ ti gbogbo ayé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni mọ́. FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ṣírò rẹ̀ pé láàárín 2010 sí 2020, Nàìjíríà ń pàdánù nǹkan bí 163,000 hẹ́kítà igbó lọ́dọọdún. Òjò kọ́ ló gé wọn. Ẹni tó fi katapílà wó ọ̀gán kó lè ta ilẹ̀, ẹni tó dáná sun igbó nítorí ẹ̀múnú eku méjì, ojú ọjọ́ kọ́ ló rán wọn níṣẹ́.

Ibi tí ibòji igi bá kù ni ọ̀rinrin ń kù sí, ibẹ̀ náà sì ni olú ti lè fara da ọdún tí òjò ṣe ségesège. Ìdí nìyí tí àwọn igbó kéékèèké tó yí ojúbọ ká fi níyì ju bí wọ́n ṣe fẹ̀ lọ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 75 lọ, ìlú ńlá ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ igi rẹ̀ wà lórí ìró títí UNESCO fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ìbẹ̀rù òrìṣà ló kọ́kọ́ ṣọ́ ọ kí òfin tó dé. Ní agbègbè Àgbádárìgì, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí tí kì í bọ ohun tí wọ́n ń bọ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ ń jẹ àǹfààní ibòji rẹ̀ pẹ̀lú oníṣẹ̀ṣe. Kò sídìí tí wọn kò fi ní jọ gbèjà rẹ̀ nígbà tí oníṣòwò ilẹ̀ bá gbé okùn ìwọ̀n dé.

NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, ti wà láti 2003, ó sì máa ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ti wà ní Ìbàdàn láti 1954. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà. Ohun tí kò sí láàárín gbogbo wọn ni ìwé tí yóò so ọjọ́ òjò mọ́ ọjọ́ olú ní ìletò kan pàtó, fún ọdún púpọ̀. Owó ńlá kọ́ ló ń gbà. Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti Àgbádárìgì dé Gbájì bá ní ìwé kan péré, tí wọ́n fi agolo tó dúró gbọọrọ àti rúlà wọn òjò, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọjọ́ tí wọ́n rí olú àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ní Ègùn àti ní Yorùbá, bóyá ìdí ọ̀gán ni tàbí ara igi, tí olùkọ́ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọn kò bá rí nǹkan kan, kí wọ́n kọ ọ́ pé wọn kò rí nǹkan kan; ìyẹn gan-an lè wúlò ju àwọn yòókù lọ. Kí ìwé máa wà lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kí yunifásítì máa wá dà á kọ lọ́dọọdún.

Àwọn ìyá tó mọ olú ni kí wọ́n pè wá sí kíláàsì láti kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n sì fún wọn lówó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ bí wọ́n ti ń fún olùkọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dúró lóòrùn lẹ́nu géètì. Àkíyèsí kan tún wà tí àwọn ará yunifásítì sábà máa ń gbàgbé: kò sí ẹni tó ń ká olú tó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ibi tí òun ti ń ká a. Orúkọ àdúgbò ti tó nínú ìwé náà. Ipa ọ̀nà tó dé ìdí ọ̀gán ìyá oníyàá kò kan ìjọba.

Àkọ́rọ̀ òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Ó yẹ kí wọ́n ti ra ìwé náà kó tó dìgbà yẹn.